Ta Ni Ó Sọ Ọ́ Fún Yín?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ẹjọ́ ni mo wá rò, èmi náà ni mo sì jẹ̀bi. Ọmọdébìnrin kan ní ilé-kéwú wa ní Ayétòrò-Èkìtì níhìn-ín ni ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn. Ìbéèrè náà lé mi dé Amẹ́ríkà àti Tìmbúkútù láì dìde lórí ẹní mi, kí ó tó dá mi padà sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí wa.

Lẹ́yìn ìrun Alásàárì ni. A ti parí kéwú ọjọ́ náà, mo sì ń sọ ìtàn díẹ̀ fún àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo sọ fún wọn pé Mẹ́kà ni àwa Yorùbá ti wá, pé Odùduwà, ọmọ Lámúrúdu ọba Mẹ́kà, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí. Bí mo ti ń sọ ọ́ lọ, ọmọ náà, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, nawọ́ sókè. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ààfáà, ẹ dákun, ta ni ó sọ ọ́ fún yín?”

Kì í ṣe àfojúdi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn ní ìmọ̀ hádíìsì pé a kì í gba ọ̀rọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Ànábì àfi bí a bá mọ ìsínáàdì rẹ̀. Ìyẹn ni pé lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò gbọ́ ọ lẹ́nu làkáṣègbè, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Mo sọ fún wọn bí Ìmáàmù Bùhárì ṣe rìn láti ìlú dé ìlú nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà méjì lọ. Ọmọ náà kàn fi òṣùwọ̀n tí mo gbé lé e lọ́wọ́ wọn ọ̀rọ̀ tèmi ni. Nígbà tiwa, ẹni tí ó bá bi ààfáà rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pàṣán ni yóò dá a lóhùn. Mo dákẹ́. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé a ó sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Lóòótọ́, ta ni ó sọ ọ́ fún mi? Ààfáà mi ní Ìlọrin ni, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ta ni ó sọ ọ́ fún òun? N kò bi í. Nígbà tí mo wá lọ sí ilé-ìwé òyìnbó, tíṣà tí ó ń kọ́ wa ní ìtàn náà sọ ọ́, ó ní ó wà nínú ìwé Samuel Johnson. N kò fi ojú kan ìwé náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé, “Johnson kọ ọ́ sílẹ̀.” Mo ti fi í ṣe wáàsí nínú oṣù Àwẹ̀ ní Ìjerò, ní Àrámọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n.

Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ wa nínú. Àwa Mùsùlùmí kò pọ̀ ní agbègbè wa yìí. Nínú agboolé kan náà ni ẹ ó ti rí ọmọ ìjọ Àgùdà, ọmọ ìjọ aládùúrà àti ẹni tí ń kírun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ á ní ẹ̀sìn àjèjì ni tiwa, pé Ìlọrin ni a ti lọ gbé e wá. Ìtàn Mẹ́kà ni ó máa ń gbà wá sílẹ̀ nígbà náà: bí ó bá jẹ́ Mẹ́kà ni a ti wá, a jẹ́ pé ẹ̀sìn baba ńlá wa ni a padà sí. Ohun tí ó bá ń gbani sílẹ̀ báyìí, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn tú u wò.

Mo sọ fún ọmọkùnrin mi tí ó ń kàwé ní yunifásítì ní Adó pé mo fẹ́ lọ sí Ìbàdàn lọ wá ìwé Johnson. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ má tíì wọkọ̀.” Ó gba fóònù ọwọ́ mi, ó ṣí ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní Internet Archive. Ní 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìwé, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, kí ẹni tí ó wà níbikíbi lè ṣí i kà; púpọ̀ nínú ìwé àtijọ́ ibẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, àfi owó dátà. Kí omi tí ìyá ilé gbé kaná tó hó, ìwé Johnson ti wà lórí fóònù mi.

Òru mẹ́ta ni mo fi kà á. Ní Sàró ni wọ́n bí Johnson, ní 1846, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní Ìlú Ọba pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀ tún un tò, tí ó fi jáde ní 1921. Lóòótọ́, ìtàn Lámúrúdu wà níbẹ̀, bí Johnson ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka iwájú díẹ̀ sí i, mo rí i pé Johnson fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó ní bí irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà, àwọn òpìtàn Lárúbáwá ì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní a kì í ṣe ìran Lárúbáwá, a kò sì lè ti Mẹ́kà tí gbogbo ayé mọ̀ wá. Èrò tirẹ̀ ni pé apá ìlà-oòrùn ni a ti wá, àwọn àgbà sì ń pe ìlà-oòrùn ní Mẹ́kà. Ẹ wò ó! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pe ọkùnrin yìí ní ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí mo sì ń fi sí i lẹ́nu kọ́ ni ó sọ.

Mo sọ nínú ara mi pé kò burú, ṣebí Sultan Muhammad Bello ti Sókótó náà kọ ọ́. Mo wá ìyẹn pẹ̀lú. Ní 1812 ni Bello kọ ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Infāq al-Maysūr. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Clapperton dé Sókótó ní 1824, ó rí nínú àkọsílẹ̀ Bello gbà, wọ́n sì tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìrìn-àjò wọn tí ó jáde ní London ní 1826. Ìwé náà wà lórí ìkànnì kan náà. Bello ní ìyókù àwọn ọmọ Kánáánì ni àwọn ará Yárúbà, ìran Námúrúdu, tí Ya'rub ọmọ Kahtán lé kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Òun náà jẹ́ kí ó hàn pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni òun ṣe kọ ọ́. Kò dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un. Ẹ sì tún wò ó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ kéwú: Námúrúdu wo ni à ń wí? Ọba tí ó bá Ànábì Ibrahim ṣọ̀tá ni. Ohun tí a fi ń yangàn lórí àga wáàsí, ọ̀tá Ànábì ni a ń pè ní baba wa, a kò sì fura.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú dání. Oríṣi ẹ̀rí méjì ni ó wà nínú ìtàn. Ọ̀kan ni ẹ̀rí ojúkorojú, tí í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà níbẹ̀ tàbí ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀. Èkejì ni gbọ́yìísọ̀yí. Ìwé kan ṣoṣo sì lè jẹ́ méjèèjì. Ní ti Mẹ́kà, gbọ́yìísọ̀yí ni Johnson. Ṣùgbọ́n ní ti Ogun Kírìjì, tí àwa Èkìtì-Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, ẹlẹ́rìí ni. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni Gómìnà Èkó rán sí ibùdó àwọn jagunjagun méjèèjì láti wá àlàáfíà, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìwé àdéhùn náà wà nínú ìwé Johnson. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n bá Ajerò àti Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn sọ, kò ní láti dúró de òpìtàn rédíò. Kí ó ṣí i, kí ó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ìṣìnà mi kọ́ mi nípa wíwá irú ìwé wọ̀nyí, bóyá ẹlòmíràn kò ní í ná dátà rẹ̀ dànù bí tèmi. Ohun àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ẹni tí ó bá tẹ Yoruba nìkan, ìwé púpọ̀ ni yóò fò ó. Àwọn òyìnbó àtijọ́ kọ ọ́ ní Yarba, Yarriba, Yourriba. Wọ́n kọ Ọ̀yọ́ Ilé ní Eyeo tàbí Katunga. Ní Sàró, Aku ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa. Ní Bàràsílì, Nagô. Ní Kúbà, Lucumí. Ẹni tí ó ń wá Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, kí ó wá Imesi Igbodo náà. Ìkejì ni pé ẹ̀rọ tí ń bá wa wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé kì í ríran dáadáa. Bí tádà bá ti ṣá, yóò ka lẹ́tà kan sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ máa fi ojú ara yín wo àwòrán ewé náà. Ìkẹta, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó kọ ọ́, ọdún tí ó kọ ọ́, àti ibi tí ó wà nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ìkẹrin, ẹ ka ewé tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Ká ní mo ti ṣe èyí ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni, n kì bá tí tẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ọ̀kan tún kù. Àwọn ẹ̀rọ kan ti jáde báyìí tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn. Mo bi ọ̀kan nípa Ìsìláàmù ní Èkìtì. Ó dárúkọ ìwé kan fún mi, ó dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ó sọ ọdún rẹ̀ àti ojú ewé. Mo wá ìwé náà káàkiri ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí níbì kankan. Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrátù Hujurátì pé kí á máa wádìí ìròyìn kí á tó fi ṣe ìwà hù. Ìròyìn tí ẹ̀rọ mú wá kò yọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi fi ibi ìpamọ́ ìwé ti Library of Congress hàn mí, ilé-ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà. Àwòrán ìwé àfọwọ́kọ láti Tìmbúkútù wà níbẹ̀, láti inú ilé-ìkàwé ìdílé Haidara. Níhìn-ín ni kéwú mi ti wúlò. Ẹ̀rọ kò lè ka irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi tí ó gbọ́n lórí fóònù kò sì lè kà á. Kíkọ àwọn ará Màgíríbì ni: ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi àmì fáà sí, kaafù sì ń gba àmì kan ṣoṣo lókè. Irú rẹ̀ ni ààfáà mi ní Ìlọrin fi kọ́ wa lórí wàláà.

Ìwé tí mo ṣí ni èyí tí Ahmad Baba kọ ní nǹkan bí 1615, Mi'rāj al-Ṣu'ūd. Àgbà onímọ̀ ni Ahmad Baba (1556–1627). Nígbà tí ọmọ ogun Mòrókò gba ìlú wọn, wọ́n kó òun náà lẹ́rú lọ sí Marrakesh ní 1594. 1608 ni ó tó fi ojú kan ilé. Àwọn ará Tuwát ní aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n kọ̀wé bi í pé, nínú àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń kó wá tà, ta ni ó tọ́ láti rà, ta ni kò tọ́? Ó dá wọn lóhùn pé àwọ̀ ara kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, àìgbàgbọ́ ni ó lè mú un bá ènìyàn. Ẹni tí a bá mọ̀ ní Mùsùlùmí, òmìnira ni. Ó dárúkọ àwọn ìlú Mùsùlùmí bíi Kánò àti Kàtsínà. Lẹ́yìn náà ni ó ka orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe Mùsùlùmí: Mósì, Gúrúmà, Búsà, Bọ̀rgú, Dàgọ́mbà àti àwọn mìíràn. Láàárín wọn ni mo ti rí orúkọ wa: Yorùbá.

Inú mi dùn. Èyí wà lára àkọsílẹ̀ orúkọ wa tí ó pẹ́ jù lọ tí àwọn onímọ̀ mọ̀. Ohùn mi ti ń dìde láti pe ọmọ mi kí ó tó di pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Orúkọ wa wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó tọ́ láti rà ni ó wà.

Mo pa fóònù náà. Nínú ìdílé wa, wọ́n máa ń sọ pé baba ńlá tí ó kọ́kọ́ kírun nínú wa, ogun ni ó kó o. Wọ́n ní Ìlọrin ni wọ́n tà á sí, ibẹ̀ ni ó ti gba Ìsìláàmù, tí ó fi rìn padà wálé pẹ̀lú ṣáálúbàtà àti tẹ̀sùbáà. Ẹni tí wọ́n tà ni ó gbé ẹ̀sìn náà wá fún mi. Àgbà tí mo sì ń bọ̀wọ̀ fún ni ó kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sínú ìwé títà. N kò mọ èwo ni kí n ṣe nínú ẹkún àti ọpẹ́.

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan bóyá kí n pa á mọ́ fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé àwọn oníhádíìsì kò yọ ọ̀rọ̀ kúrò nítorí pé kò dùn. Ẹlẹ́rìí kì í wá kí ó lè yìn wá. Ẹ ka lẹ́tà tí Àjàyí Crowther kọ ní 1837, tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìrìn-àjò òun àti Schön ní 1842. Ó wà lórí Internet Archive. Ó sọ bí wọ́n ṣe kó o ní Òṣoògùn ní 1821, bí wọ́n ṣe fi okùn so wọ́n lọ́rùn mọ́ ara wọn bí ewúrẹ́, ó sì sọ pé Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ àti Fúlàní wà nínú àwọn tí ó kó wọn. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó padà dà, ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n so lọ́rùn ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mùsùlùmí òdodo kò gbọdọ̀ ní àfi ibi tí ìtàn ti yìn ín ni òun yóò kà.

Bí mo ti rí gbogbo èyí, ojú mi wá sílé. Mo ní kí n wá ìtàn Ìsìláàmù ní ìlú tiwa. Mo tẹ Ayetoro. Ayétòrò ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó jáde. Mo tún un tẹ̀, Ayétòrò àwọn Àpọ́sítélì létí òkun ní Ìlàjẹ ni ó jáde, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Mo fi Èkìtì kún un, ohun tí mo ń wá kò jáde. Mo gbọ́ pé àwọn ìwé tí aláṣẹ òyìnbó kọ nípa Ekiti Division wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, nínú fáìlì tí ènìyàn ní láti lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Ibẹ̀ yẹ ní lílọ, n óò sì lọ. Ṣùgbọ́n òyìnbó aláṣẹ tí ó bá gba ìlú wa kọjá yóò kọ iye owó-orí àti ẹjọ́ oyè. Ta ni yóò kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ìrun ní Ayétòrò?

Ẹnì kan kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ń fà sẹ́yìn láti òwúrọ̀ nìyí. Ní 2004, a tún mọ́sálásí wa ṣe. Àpótí pákó kan wà ní ẹ̀yìn míḿbárì, tí ikán ti mú. Wọ́n ní kí èmi tí mo mọ ìwé jù nínú àwọn ọ̀dọ́ ààfáà tú u. Mo yọ àwọn Alùkùránì tí ó ṣì pé sọ́tọ̀. Ìyókù, àwọn ewé tí ó ti ya, mo fi iná sun wọ́n, mo sì rì eérú wọn mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Nínú wọn ni ìwé kan wà tí wọ́n fi òwú rán, tí èèpo rẹ̀ jẹ́ awọ ewúrẹ́. Lèmọ́ọ̀mù àtijọ́ kan ni ó ni ín. Lẹ́tà kéwú ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni: orúkọ ènìyàn, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ikú, ẹni tí ó fún wọn ní ilẹ̀ mọ́sálásí. Mo ka bí ìlà mẹ́ta. Mo ní, “Orúkọ lásán ni.” Mo jù ú sínú iná.

Ohun tí mo ń náwó dátà wá lọ sí Amẹ́ríkà, èmi ni mo sun ún nílé.

Ní ọdún 2004 yẹn gan-an ni British Library ní London bẹ̀rẹ̀ ètò kan, Endangered Archives Programme, tí ń fi owó ran àwọn tí ń ya àwòrán ìwé tí ó fẹ́ ṣègbé káàkiri ayé lọ́wọ́, tí ìwé fúnra rẹ̀ sì ń dúró ní ilẹ̀ rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín pàápàá, láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ibùdó sílẹ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá, tí wọ́n ń ya àwòrán ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ààfáà. N kò lè sọ pé ayé kò ronú irú rẹ̀ rí. Ní Tìmbúkútù, nígbà tí àwọn agbébọn gba ìlú ní 2012, àwọn olùtọ́jú ìwé àti àwọn ìdílé kó ìwé wọn sínú àpótí irin, wọ́n fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lóru lọ sí Bàmákò. Ní oṣù kìn-ín-ní 2013, kí àwọn agbébọn tó sá lọ, wọ́n sun nínú ìwé tí ó kù ní Ahmed Baba Institute. Wọ́n fi ìbínú sun ìwé. Èmi fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun sun tèmi. Eérú méjèèjì kò yàtọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣèlérí, mo padà sí iwájú àwọn ọmọ. Mo sọ fún ọmọdébìnrin náà pé, “Ààfáà mi ni ó sọ ọ́ fún mi, ìsínáàdì náà sì já síbẹ̀.” Mo ka Johnson fún wọn, mo ka Ahmad Baba fún wọn, pẹ̀lú ibi tí ó dùn mí. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé, “Ààfáà, ṣé a kì í wá ṣe Mùsùlùmí gidi nìyẹn?” Mo ní ẹrú tí wọ́n rà ni Bilal, òun sì ni Ànábì ní kí ó máa pe ìrun. Ìgbàgbọ́ kò fi ìran ṣe.

Ti mọ́sálásí ni ó le. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, mo gba àyè lọ́wọ́ Lèmọ́ọ̀mù, mo tọrọ àforíjì nítorí ìtàn Mẹ́kà, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìwé inú àpótí. Bàbá arúgbó kan dìde ní sààfù àkọ́kọ́. Ó ní, “Ìwọ ni o sun ìwé bàbá mi?” Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Fún oṣù mẹ́ta ni kò fi dá mi lóhùn bí mo bá kí i.

Lẹ́yìn náà ni ó ránṣẹ́ pè mí. Kò ní òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó ní kí n kó àwọn ọmọ kéwú wá, kí wọ́n wá kọ ohun tí òun rántí kí òun tó lọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní, ọmọdébìnrin wa ni ó mú bírò. Bí bàbá bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ náà á bèèrè pé, “Bàbá, ta ni ó sọ ọ́ fún yín?” Bàbá á ní, “Bàbá mi ni, ó ní ẹnu bàbá tirẹ̀ ni òun ti gbọ́ ọ.” Wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kan ẹni tí ó kọ́kọ́ kírun ní ìlú, orúkọ tí bàbá dá kì í ṣe ti baba ńlá mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé e mì. A kọ méjèèjì sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìsínáàdì rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ni kò sun ún. Ẹ wo inú àpótí ilé yín. Ìwé ìgbéyàwó, rìsíìtì ilẹ̀, ìwé ìrìnnà Hájì ti ìyá àgbà, fọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, wàláà àtijọ́: ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ó ni wọ́n. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí ibi tí oòrùn kò ti ta sí i tààrà, ẹ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ju ibì kan lọ, nítorí ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library pàápàá, ó sì pẹ́ kí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kó pamọ́ sórí ìkànnì wọn tó ṣeé ṣí padà. Ewé Alùkùránì tí ó bá sì ya, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó mọ ìwé kọ́kọ́ ka gbogbo ewé tí ó wà láàárín wọn tán, kí á tó ṣá iná.

Ọmọ tí ó bá sì bi yín pé ta ni ó sọ ọ́ fún yín, ẹ má nà án.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó dárí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó sì kẹ́ àwọn tí wọ́n kọ ìwé sílẹ̀ fún wa, àti èyí tí a rí, àti èyí tí a sun. Àmín.